Àtúnṣe: Ọ̀dà títì kọ́ ni oògùn òrùlé rọ́bà tó ń jò

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri ní Àkúrẹ́ pé bí òrùlé rọ́bà bá ń jò, kí a po ọ̀dà títì mọ́ kẹrosíìnì, kí a dà á síbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Epo inú wọn á mú kí rọ́bà wú, kó rọ̀, ihò á sì fẹ̀ sí i. Felt oní-ọ̀dà (ìbòrí òrùlé bí aṣọ tí a fi ọ̀dà rin) ló gba ọ̀dà. Kí ẹ lè mọ irú èyí tó wà lórí òrùlé yín, ẹ fà á wò: rọ́bà á nà, á sì padà, felt kò ní padà.

Ẹ fọ ojú ibẹ̀, kó gbẹ táútáú (nígbà òjò, ẹ ní sùúrù), ẹ fi primer (ohun olómi tí a kọ́kọ́ ń fi pa ojú ibẹ̀ kí ègé lè lẹ̀ dáadáa) pa á, kí ẹ lẹ ègé rọ́bà irú rẹ̀ tó kọjá etí ihò ní sẹ̀ǹtímítà 7.5 yíká. Ẹ gé igun rẹ̀ róbótó. Igun ṣóńṣó ló kọ́kọ́ ń ṣí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ láti àárín síta kí atẹ́gùn má bàa há síbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí ti àkọ́kọ́.