Ta ló ni tiransifọ́mà tí àdúgbò dáwó rà?

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2024, àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, iná ọba sì kú jákèjádò Nàìjíríà. Lára ohun tí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC àti TUC ń bèèrè ni pé kí owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún, tí wọ́n gbé dé náírà 225 lórí yúnìtì kan, padà síbi tó ti wá. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n so ìyanṣẹ́lódì náà rọ̀. Oṣù Keje ni owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà. Owó iná kò padà síbi tó ti wá.

Òyìnbó ń pe agbára ará ìlú àti iná inú ilé ní páwà. Yorùbá yà wọ́n sọ́tọ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó lágbára láti pa iná gbogbo ìlú lóru ọjọ́ kan lè má rí èyí tí yóò fi lọ aṣọ.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí bí tiransifọ́mà àdúgbò bá bàjẹ́. Tiransifọ́mà bú gbàù lálẹ́ Sátidé. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹgbẹ́ onílé ti pàdé lábẹ́ igi máńgòrò, akọ̀wé ń kọ orúkọ. Ìyá ẹlẹ́ja ló kọ́kọ́ sanwó, torí yìnyín inú fírísà rẹ̀ ti ń yọ́. Wọ́n ra tuntun, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná so wáyà mọ́ ọn, ó sì di ti ilé-iṣẹ́. Kò pẹ́, wọ́n gbé àkàbà dé, wọ́n wá gé iná ìyá ẹlẹ́ja lórí gbèsè. (Bí iná bá bàjẹ́ nìkan ni àkàbà yẹn kì í mọ̀nà.)

Bẹ́ẹ̀, NERC tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná ti sọ ọ́ ní àsọtúnsọ: ojúṣe ilé-iṣẹ́ apíná ni láti ra tiransifọ́mà. Bí àdúgbò bá fẹ́ rà á, kí wọ́n kọ́kọ́ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí bí owó wọn yóò ṣe padà. Láìsí ìwé yẹn, kí ẹgbẹ́ onílé kankan má ṣe dá kọ́bọ̀.

Òfin iná ọdún 2023 fún ìpínlẹ̀ láàyè láti ní àjọ tirẹ̀ tí yóò máa ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná níbẹ̀; Èkìtì àti Oǹdó ti gba àṣẹ náà. Ẹni tó bá fẹ́ fẹ̀hónú hàn ní Adó tàbí Àkúrẹ́ kò nílò àtiwọkọ̀ lọ sí Àbújá mọ́. Kí àwọn àjọ yìí sọ ọ́ di dandan pé kí ilé-iṣẹ́ apíná máa yọ owó tiransifọ́mà tí àdúgbò rà kúrò nínú owó iná wọn lóṣooṣù.

Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé, ẹ tọ́jú rìsíìtì.