Èmi ni mo wá Alhaja rí, orúkọ ẹlòmíì ni wọ́n kọ sí i

Ó ti sú mi pátápátá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń ṣe mákẹ́tìn báńkì pẹ̀lú mi l'Ékòó, ẹ mọ bí àárọ̀ ọjọ́ Ajé ṣe máa ń rí. Aago méje ò tíì lù tí wọ́n ti kó wa jọ sí yàrá ìpàdé. Ọ̀gá á ṣí kọ̀ǹpútà, á máa ka orúkọ wa níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tí tágẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ìyẹn iye owó tí wọ́n ní kó mú wá, ò bá pé, ìdúró ni yóò wà títí ìpàdé á fi tú.

Lọ́jọ́ Ajé yìí, èmi ni wọ́n ní kí n dìde.

Èmi tí mo ti ń lọ bá Alhaja tó ń ta léèsì ní Balógun fún oṣù mẹ́ta gbáko! Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, kò tilẹ̀ wojú mi. Ó ní ṣé báńkì tó há owó òun mọ́lẹ̀ nígbà tí náírà wọ́n ní 2023, tí òun tò sórí ìlà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú nítorí ₦5,000, ni mo tún wá ń polówó fún òun. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo padà lọ. Mo bá a ká aṣọ, mo bá a pe alábàárù, mo jókòó sórí ìdì léèsì títí àwọn oníbàárà ẹ̀ fi rò pé ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ni mí. Lọ́jọ́ òjò kan, ìsàlẹ̀ bàtà ọ̀tún mi ṣí lẹ́nu ní Ìdúmọ̀tà. Rọ́bà tí a fi ń di owó ni mo yọ nínú báàgì, mo fi wé e, mo sì rìn bẹ́ẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Alhaja wo bàtà yẹn títí. Ó ní, "Ọmọ mi, jókòó." Ọjọ́ yẹn ló fún mi ní fọ́tò àti nọ́ńbà BVN ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mílíọ̀nù méje wọlé.

Ẹ wá wo ojú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Ajé. Orúkọ ẹlòmíì ló wà lórí àkáǹtì Alhaja! Ẹni tí kò mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé mọ́tò ọ̀gá ló ń gbé e wá síbi iṣẹ́ láti Lẹ́kí. Òdo ni wọ́n kọ síwájú tèmi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo ṣí àkáǹtì yẹn." Ọ̀gá ò gbójú sókè. Ó ní, "Báńkì ló ni oníbàárà, kì í ṣe ìwọ. Dúró síbẹ̀."

Mo dúró. Ìṣẹ́jú 40. Àwọn ọmọdé tí mo kọ́ níṣẹ́ ń wolẹ̀, ojú ń tì wọ́n fún mi.

Láti Ìkòròdú ni mo ti ń bọ̀. Láti oṣù Karùn-ún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ ò dúró lójú kan mọ́, owó oṣù àwa kọ́ńtíráàtì ò sì mira. Káàdì tí mo fi ń pe oníbàárà, àpò mi ló ti ń jáde. Bí wọ́n bá yọ ₦50 lórí ₦10,000 tí ẹnìkan fi ránṣẹ́, èmi ni wọ́n ń pè bú. Aago mọ́kànlá alẹ́, ọ̀gá tún ti dé sórí WhatsApp: kí kálukú sọ iye tí yóò mú wá lọ́la. Ọmọ mi á ti sùn lé mi láyà, èmi á máa tẹ iye tí mo mọ̀ pé mi ò ní í rí.

Ọ̀gá yìí tilẹ̀ sọ lójú gbogbo wa rí pé obìnrin tó bá gbọ́n kì í wá owó tì. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń sọ. Ilé ọkọ ni mo ti ń wá síbi iṣẹ́ yín o!

Lánàá, Alhaja pè mí. Ó ní ẹnìkan pe òun, pé onítọ̀hún ni yóò máa bójú tó àkáǹtì òun báyìí. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti lé ẹ ni?" Mi ò mọ ohun tí mo lè wí.

Ẹ dá Alhaja padà sábẹ́ orúkọ mi. Kí ọ̀gá yẹn náà lọ jókòó sórí ìdì léèsì ní Balógun fún oṣù mẹ́ta, kó wá mílíọ̀nù méje tiẹ̀ wá.