Irọ́ ni pé owó ló ba kíkó ọmọ wọ bọ́ọ̀lù yunifásítì Amẹ́ríkà jẹ́

Wọ́n tún ti gbé e dé. Lọ́sẹ̀ yìí, atọ́kùn ètò eré ìdárayá kan lórí rédíò tún ń fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ pé látìgbà tí wọ́n ti ń sanwó fún àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì Amẹ́ríkà, ilé ìwé olówó ló ń kó gbogbo ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá lọ. Pé tẹ́lẹ̀, kálukú ló ń rí tirẹ̀ mú. Tẹ́lẹ̀ wo nìyẹn?

Ẹ jẹ́ ká wo bọ́ọ̀lù alákoto wọn, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, torí ibẹ̀ lówó pọ̀ sí jù. Sáà 2014 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje àṣekágbá tí ẹgbẹ́ mẹ́rin péré ń wọ̀. Láti ìgbà náà títí dé sáà 2020, tí òfin ò gbà kí ọmọ kankan gba kọ́bọ̀ lórí orúkọ ara rẹ̀, àyè 28 ló ṣí sílẹ̀. Alabama gba 6, Clemson gba 6, Ohio State gba 4, Oklahoma gba 4. Ilé ìwé mẹ́rin ló gba 20 nínú 28, nígbà tí ilé ìwé tó ń gbá a ní ìpele yẹn lé ní 120! Tó bá sì jẹ́ kíkó ọmọ wọlé gan-an la ń sọ, Alabama ló wà lókè àtẹ 247Sports, ìkànnì tó ń to ilé ìwé nípa bí ọmọ tí wọ́n kó wọlé ṣe dára tó, láti 2011 dé 2017. Ọdún méje gbáko. Owó oṣù wo ni wọ́n fi kó wọn?

Owó tí wọn ò lè fún ọmọ náà, ibòmíràn ni wọ́n ń ná an sí. Nígbà tó fi di 2020, owó ọdún kan Nick Saban, akọ́nimọ̀ọ́gbá Alabama nígbà náà, ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án dọ́là. Clemson ná mílíọ̀nù 55 dọ́là sórí ilé kan ṣoṣo fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wọn, wọ́n ṣí i ní 2017: ibi ìgẹrun wà nínú rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń sùn lọ́sàn-án wà níbẹ̀, kódà àtẹ̀gùn tí ọmọ ń yọ̀ wálẹ̀ bí ọmọ jẹ́léósinmi wà níbẹ̀. Bí gbogbo aláta bá ń ta ata ní iye kan náà, ọ̀dọ̀ ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ dára jù ni oníbàárà ń yà sí. Ká má tíì wá sọ ti owó abẹ́lẹ̀: torí owó abẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe fòfin de yunifásítì Southern Methodist (SMU), tí wọn ò gbá bọ́ọ̀lù rárá ní 1987.

Ọjọ́ 1 oṣù keje 2021 ni wọ́n fàyè gbà á kí ọmọ máa gbowó lórí orúkọ àti àwòrán rẹ̀. Kí ọdún yẹn tó parí, Travis Hunter, tí àwọn kan kà sí ọmọ tó dára jù nínú ìran rẹ̀, kẹ̀yìn sí Florida State ó sì gba Jackson State lọ, ilé ìwé aláwọ̀ dúdú tí agbára rẹ̀ ò tó nǹkan. Texas A&M ló kó ọmọ tó dára jù wọlé ní 2022, Saban sì pariwo pé ṣe ni wọ́n rà wọ́n. Sáà yẹn náà, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 5 ni A&M borí, wọ́n fìdí rẹmi ní 7. Ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá 2024, Vanderbilt na Alabama tó wà ní ipò kìíní, 40 sí 35, ohun tí wọn ò ṣe mọ́ láti 1984. Quarterback, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù tó sì ń darí eré, tó ṣe é fún wọn, New Mexico State ló ti wá. Indiana borí 3 péré nínú 12 ní 2023, wọ́n borí 11 nínú 13 ní 2024.

Ìdí rẹ̀ ò le. Tẹ́lẹ̀, ọmọ tó jẹ́ ẹnì kẹta nípò rẹ̀ ní Alabama á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, torí bó bá lọ síbòmíràn, ọdún kan ni yóò fi wòran kó tó tún lè gbá bọ́ọ̀lù. Láti 2021, ó lè ṣí lọ kó sì gbá a lójú ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù keje 2025, ilé ìwé fúnra rẹ̀ lè sanwó, àmọ́ kò gbọdọ̀ ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 20.5 dọ́là lọ fún gbogbo eré ìdárayá rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Ká ní bọ́ọ̀lù alákoto gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, mílíọ̀nù 15 àti díẹ̀ nìyẹn. Ọmọ 105 ni wọ́n lè forúkọ wọn sílẹ̀. Bí quarterback bá ti bu mílíọ̀nù kan, tí àwọn tó ń wọ pápá ní gbogbo ìgbà náà sì bu tiwọn, kí ló kù fún ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì? Ilé ìwé tó fẹ́ fi í ṣe ẹni àkọ́kọ́ nípò rẹ̀ á san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kíkó ọmọ pamọ́ ti wọ́n báyìí, ọ̀fẹ́ ló jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin òbí ní Èkó àti Ìbàdàn tí ẹ rò pé olówó kan ń bọ̀ wá ra ọmọ yín torí ó ga, ẹ rọra. Físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, ni ọmọ ń bá lọ, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni iṣẹ́ tó lè ṣe nínú ọgbà lásìkò ẹ̀kọ́, iṣẹ́ ìta sì nílò àṣẹ. Ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ ilé ìwé láti buwọ́ lùwé owó orúkọ àti àwòrán yẹn fún un, torí bí físà bá bàjẹ́, bọ́ọ̀lù parí nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ béèrè nípa ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ná, kí ẹ sì rí i lákọsílẹ̀.

Ó dáa, wọ́n sọ ẹgbẹ́ tó ń wọ ìdíje àṣekágbá di 12 ní 2024, nítorí náà n ò ní sọ pé owó nìkan ló fa gbogbo rẹ̀. Àwọn ilé ìwé kéékèèké náà ń tọ́ ọmọ dàgbà, kí àwọn ńlá tó wá mú un lọ lọ́dún kejì. Ìyẹn dun wọ́n, ó sì yẹ kó dun wọ́n. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n mú lọ yẹn, ẹ ò rí i kó sunkún.