Òyìnbó Ti Fọwọ́ Sí I, Ó Ti Dòótọ́

Àbúrò mi kan wà n'Íbàdàn tó jẹ́ pé iṣẹ́ tó fi ń jẹun ni kó máa lanu. Mi ò ṣàwàdà o. Á gbé fóònù síwájú, á tan fídíò tó wá láti Íńdíà, á wò ó díẹ̀, á dá a dúró, á lanu, á káwọ́ lérí, á pariwo "India! India!", á tún tàn án, á tún lanu. Kó tó jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì àwọn ọmọ Íńdíà á ti ya bò ó bí eéṣú, àsíá lọ́tùn-ún, ọkàn pupa lósì. Bẹ́ẹ̀ ọmọ yìí ò mọ̀ bóyá Delhi ló wà lókè ni àbí Mumbai. Lọ́jọ́ tó wo fídíò bí Chandrayaan-3, ẹ̀rọ òfuurufú Íńdíà, ṣe balẹ̀ sórí òṣùpá ní August 23, 2023, ìṣojú mi báyìí ló ṣe fi róòbù pa abẹ́ ojú kó tó tan kámẹ́rà, kí omijé lè bọ́ dáadáa. Omijé yẹn tà ju gbogbo fídíò ẹ̀ lọ.

Ẹ wá bá mi dá sí i. Àwọn èèyàn tó gbé ẹ̀rọ lọ bà sí ìtòsí ìpẹ̀kun gúúsù òṣùpá, tí ò tíì sí orílẹ̀-èdè tó ṣe é rí ṣáájú wọn, kí ni wọ́n tún ń wá lẹ́nu ọmọ tí NẸ́PÀ mú iná ẹ̀ lọ látàná?

Ti àbúrò mi tiẹ̀ kéré, òyìnbó gan-an lọjà. Kí òyìnbóbìnrin kan ṣáà ti ró sari, kó pàtẹ́wọ́ pọ̀ kó ní "namaste", kó jẹ ata kí ikun máa ṣàn nímú ẹ̀, ó tán, gbogbo ìlú á gbà pé ọbẹ̀ tí ìyá wọn ti ń sè láti ọjọ́ aláyé ti dáyé dùn lóòótọ́.

Ẹ má rò pé àwọn ọmọ orí YouTube nìkan ni o, ìjọba gan-an ńkọ́? Bharat Ratna loyè tó ga jù lọ́dọ̀ wọn. Mother Teresa ti wà láàárín àwọn tálákà Kolkata fọ́dún gbọọrọ, Nobel dé ní 1979, Bharat Ratna sáré tẹ̀ lé e ní 1980. Amartya Sen, ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ọrọ̀ ajé, gba Nobel ní 1998, Bharat Ratna dé ní 1999. Ti Satyajit Ray ló pa mí lẹ́rìn-ín jù, àtọdún 1955 lọkùnrin yìí ti ń gbé fíìmù tí ayé ń kan sáárá sí jáde, wọ́n ti fún un láwọn oyè kéékèèké lóòótọ́, àmọ́ ìgbà tí Hollywood fi Oscar dá a lọ́lá ní 1992, tí wọ́n gbé e wá bá a lórí ibùsùn àìsàn, ni ìjọba Delhi wá ta gìrì pé háà, ọmọ wa mà nìyí! Bharat Ratna jáde lọ́dún yẹn náà. April ló kú.

Àìsàn yìí sì ti pẹ́ lára wọn. Ní 1913 tí Rabindranath Tagore, akéwì wọn, gba Nobel, àwọn ará Kolkata, tó sì wà nínú wọn tó ti ń bú ìwé ẹ̀ kí òyìnbó tó yìn ín, wọ́n wọ rélùwéè àkànṣe, ó di Santiniketan níbi tó ń gbé, wọ́n lọ kí i kú oríire. Bàbá ní ife ọlá tẹ́ ẹ gbé wá yìí, màá fi kan ètè, àmọ́ mi ò ní lè mu ún. Inú bí wọn, wọ́n wọ ọkọ̀ wọn padà sílé.

Kò mà kọ́ wọn lọ́gbọ́n o. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń pín in kiri orí fóònù pé UNESCO ti kéde orin orílẹ̀-èdè wọn pé òun ló dáa jù láyé. UNESCO ní àwọn ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ta ló ń gbọ́? Ta ló sì kọ orin ọ̀hún? Tagore yìí kan náà.

Ìgbà tí Rishi Sunak di olórí ìjọba ní London ní October 2022, lásìkò Diwali, ọdún iná àtùpà wọn, ẹ ò rí ijó! Ọmọ wa ló ń pàṣẹ fáwọn tó pàṣẹ fún wa! Ọmọ tí wọ́n bí sí Southampton, tí wọ́n bí bàbá ẹ̀ sí Kenya, tí wọ́n bí ìyá ẹ̀ sí Tanzania. Àmọ́ kí òyìnbó ṣẹ̀fẹ̀ lásán ni o, bí New York Times ṣe ya àgbẹ̀ ará Íńdíà kan pẹ̀lú màlúù ẹ̀ ní 2014, tó ń kanlẹ̀kùn níbi táwọn ọ̀gá òfuurufú jókòó sí, ariwo yẹn ò kéré, àfìgbà tí ìwé ìròyìn náà tọrọ àforíjì.

(Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn jàre, mo mọ̀ pé tí Grammy bá pe ọmọ wa, àwa náà kì í sùn.)

Àná ni àbúrò mi pè mí. Ó ní ọjà ò fi bẹ́ẹ̀ yá mọ́, pé àwọn tó ń lanu ti pọ̀ jù. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò mọ òyìnbó kankan ni? Kò ní sọ̀rọ̀ rárá, kó ṣáà ti jókòó tì mí kó máa mirí."