Ẹ Jẹ́ Kí Ìlù Náà Sọ̀rọ̀

Pósítà ti ń já lura wọn lórí WhatsApp báyìí. Báńdì kan ń bọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, òmíràn ń bọ̀ ní Ṣàgámù, ẹlòmíì ń bọ̀ wá po àpàlà mọ́ jáàsì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè. Inú mi dùn sí i gan-an. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò sí ilé-iṣẹ́ agbórinjáde kankan lẹ́yìn wọn, tí wọ́n kó dùndún, gìtá, fèrè àti àgídìgbo sórí ìtàgé kan náà, tí wọ́n ń lù ú lójú wa, tí kì í ṣe pé wọ́n tẹ orin sílẹ̀ tán kí wọ́n wá máa la ẹnu sí i. Irú wọn ló yẹ ká tú jáde lọ wò.

Ṣùgbọ́n ẹ wo pósítà yẹn dáadáa. Àwòrán olórin gba ìdajì. Iye owó tábìlì wà níbẹ̀, àwọ̀ aṣọ wà níbẹ̀, orúkọ àwọn tó fowó sí i tò gẹ̀rẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ wá bi ẹni tó gbé ètò náà kalẹ̀ pé aago mélòó ni báńdì máa ṣe soundcheck, ìyẹn kí wọ́n dán ohùn ìlù àti máíkì wò kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Á ní, "Tí wọ́n bá ti dé, wọ́n á ṣe é." Ibẹ̀ gan-an ni orí mi ti ń gbóná.

Báńdì tó ń ti Èkó bọ̀ máa kọ́kọ́ bá sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìbafọ̀ àti Mowé wọ̀yá ìjà kó tó rí Ṣàgámù. Nígbà tí wọ́n bá fi wọ gbọ̀ngàn, àlejò ti ń jókòó, DJ ti gba ibi gbogbo kan. Ta ló máa ní kí DJ pa á? Bí ènìyàn mẹ́tàlá ṣe máa gun ìtàgé nìyẹn láìtíì gbọ́ ohùn ara wọn nínú ilé náà rí, orin mẹ́ta àkọ́kọ́ á sì di soundcheck lójú gbogbo ayé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò gbà ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 lọ: ìṣẹ́jú méjì fún ṣánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ọ̀nà tí ohùn máíkì tàbí ohun èlò kan ń gbà wọnú ẹ̀rọ, tó bá jẹ́ 20, ó di 40, ìṣẹ́jú 20 fún mọ́nítọ̀, sípíkà tó kọjú sáwọn tó ń ṣeré, ìṣẹ́jú 15 láti kọ orin méjì látòkèdélẹ̀. Tó bá jẹ́ báńdì mẹ́ta ló máa ṣeré lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹni tó máa ṣeré gbẹ̀yìn ni kó kọ́kọ́ ṣe soundcheck, kí ẹni tó máa ṣí eré ṣe tirẹ̀ kẹ́yìn, kí ẹrù rẹ̀ lè wà lórí ìtàgé bó ṣe wà.

Ẹ gbọ́ ìṣirò náà. Ìlù òyìnbó, máíkì méje. Báàsì ọ̀kan, gìtá ọ̀kan, kíbọ́ọ̀dù méjì. Ó di 11. Ìyáàlù, gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àgídìgbo, ọ̀kọ̀ọ̀kan: 15. Sásófóònù àti tùràmpẹ́ẹ̀tì: 17. Olórin àti elégbè méjì: 20. Mísà, ẹ̀rọ tó ń po gbogbo ohùn pọ̀, èyí tí wọ́n sábà máa ń háyà, ṣánẹ́ẹ̀lì 16 ló ní. DJ ti gba méjì níbẹ̀, alága ìdúró ti gba ọ̀kan. Ó ku 13. Kí ni wọ́n á wá yọ? Ẹ ò ní gbọ́ ọ láé pé wọ́n yọ gìtá. Ìlù wa ni wọ́n máa ń yọ, wọ́n á ní ó kúkú ń pariwo fúnra rẹ̀.

Ìlù ń pariwo lóòótọ́ tó bá wà lágboolé. Kò lè bá sípíkà oní-ínṣì 18 du ohùn. Onísáúǹdì tó mọṣẹ́ á mú 20 yẹn wá sí 13 láìfọwọ́ kan ìyáàlù: ìlù òyìnbó di mẹ́rin, kíbọ́ọ̀dù di ọ̀kan, elégbè méjèèjì pín máíkì kan, fèrè méjèèjì pín ọ̀kan, gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ pín ọ̀kan. Ó ti bọ́ sí i géérégé. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé àwọn tó ń dá báńdì yìí sílẹ̀ torí ìlù ni wọ́n dá a sílẹ̀, ìlù náà la sì ń pa lẹ́nu mọ́.

Tí wọ́n bá wá fún ìyáàlù ní máíkì pàápàá, ìyà mìíràn tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fi sórí ìdúró bíi ti akọrin. Onílù kì í dúró sójú kan: á kọjú sí olórin, á kọjú sáwọn èrò, gbogbo ìgbà tó bá yí ni ohùn ń lọ. Máíkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ nǹkan ló dára jù. Kí ẹ má há a mọ́ ọsán ìlù o, torí ọsán yẹn ni onílù ń fún, gbogbo bó ṣe ń fún un la máa gbọ́ gìrìgìrì nínú sípíkà. Ara awọ ìgbékọ́ tó wà léjìká ni kí ẹ há a mọ́, kó kọjú sí awọ ìlù. Tí kò bá sí irú rẹ̀, máíkì SM57 lásán tó o, kó jìnnà tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, kó dà gẹ̀rẹ́, kí onílù mọ̀ pé orí ẹní tí wọ́n tẹ́ fún un ni kóun máa jó mọ. Ẹ tún ṣọ́ ṣaworo. Tí máíkì bá sún mọ́ etí ìlù jù, ṣaworo nìkan la máa gbọ́, ọ̀rọ̀ ìlù á rì. Ẹ yí i wá sáàárín awọ, kí ẹ sì dín ohùn òkè kù díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹkò ńkọ́? Àwọn onísáúǹdì wa fẹ́ràn ẹkò ju ìyọ̀ ọbẹ̀ lọ. Ẹ fi sí ohùn olórin, kò burú. Tí ẹ bá fi sórí ìyáàlù, ìró tó kọ́kọ́ jáde á máa padà wá bá èyí tó tẹ̀ lé e, dò á gorí mí, mí á gorí re, oríkì tí onílù ń kì á di ariwo lásán. Bẹ́ẹ̀ náà ni gate, ohun tó ń dí ohùn tó bá rẹlẹ̀ jù, tí wọ́n máa ń fi sórí ìlù òyìnbó. Tó bá wà lórí gángan, gbogbo ìgbà tí onílù bá rọra lù ú ló máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Báàsì náà sì gbọ́dọ̀ sún sẹ́yìn díẹ̀ ní agbègbè 200 Hz, ìyẹn ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 200 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, torí ibẹ̀ ni ohùn ìsàlẹ̀ ìyáàlù ń gbé.

Àgídìgbo ló máa ń fojú àwọn onísáúǹdì rí màbo jù. Ahọ́n irin rẹ̀ ti dúró síbi tó dúró sí, ẹ kò lè tún un ṣe lórí ìtàgé. Àwọn yòókù ni kó wá bá a. Tí ohùn rẹ̀ bá fi díẹ̀ lọ sílẹ̀, kíbọ́ọ̀dù tí ohùn A rẹ̀ wà ní 440 Hz lè sọ̀ kalẹ̀ sí 435, gìtá á tẹ̀ lé e, onísásófóònù á fa ẹnu fèrè rẹ̀ jáde díẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Tí wọn ò bá ṣe é, àwọn èrò á ní àgídìgbo ló ń ṣìnà. Kí máíkì rẹ̀ má sì wà lẹ́nu ihò àpótí gan-an, á máa hu. Ẹ̀gbẹ́ ihò ni kó wà.

Ó dùn mí torí pé ilẹ̀ wa níbí ni. Haruna Ishola, tó fi àgídìgbo sínú ẹgbẹ́ àpàlà rẹ̀, ló ṣí Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1979, ilé ìgbohùnsílẹ̀ onítíráàkì 24. Ní 1979! Lónìí, nínú Ìjẹ̀bú kan náà, a ń jiyàn lórí bóyá ìlù yẹ kó ní máíkì.

Iná, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ má so sáúǹdì mọ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé ẹ̀rọ amúlétutù àti fíríjì àwọn olóúnjẹ. Tí fíríjì bá ta kìjí, iná á wálẹ̀, mísà onídíjítà á kú, á sì tún ara rẹ̀ tàn látìbẹ̀rẹ̀ níṣojú èrò. Ẹ ya jẹnẹrétọ̀ ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ so UPS kékeré, bátìrì tó ń gbaṣẹ́ tí iná bá lọ, mọ́ mísà. Kí wáyà iná àti wáyà máíkì má sùn ti ara wọn.

Mo mọ èsì tó ń bọ̀: owó. Owó ẹnu ọ̀nà kò tó, báńdì tí kò ní ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn kò lè gbé mísà ńlá wá fúnra rẹ̀. Mo ti rò ó síwá rò ó sẹ́yìn. Nígbà mìíràn ó ń ṣe mí bíi pé ká fi gbọ̀ngàn ńlá sílẹ̀ pátápátá: ilé kékeré, ọgọ́rùn-ún ènìyàn, gìtá lóhùn pẹ̀lẹ́, kí máíkì wà fún olórin àti àgídìgbo nìkan, ìlù á sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohùn á dára ju ti gbọ̀ngàn lọ. Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì ọgọ́rùn-ún ènìyàn kò lè gbé ẹni mẹ́tàlá dé láti Èkó, kó tún gbé wọn padà, kí nǹkan kan ṣẹ́kù sápò wọn. Tí mo bá ní kí wọ́n dín ara wọn kù sí ẹni márùn-ún, àwọn onílù ni wọ́n tún máa kọ́kọ́ lé lọ. Nítorí náà mi ò mọ èyí tí mo lè bẹ̀ yín fún nínú méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ ti sanwó gbọ̀ngàn tán, ẹ ṣáà pe onísáúǹdì yín lónìí, kí ẹ bi í pé ṣánẹ́ẹ̀lì mélòó ló wà lára mísà rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún DJ pé ní aago méjì, ó máa pa á.