Gángan Níwájú, Èéfín Lẹ́yìn

Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin olójú tuntun, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé iwájú ọkọ̀ tuntun lé ara Lexus àtijọ́! Mo kí yín tọkàntọkàn. Ọlọ́run tó sọ Lexus RX 350 ti ọdún 2010 di ti 2020 ní Ládípò, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ l'Ékòó, kó má fi yín sílẹ̀. Irú iṣẹ́ ìyanu báyìí, níwájú ìjọ ló yẹ kí ẹ ti jẹ́rìí ẹ̀, kí gbogbo ènìyàn bá yín jó.

Mo rí ọ̀kan nínú yín ní Ọ̀jọ́ta lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Ọkọ̀ dúdú, ó ń dán yọ̀ọ̀. Inú dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mi ni mo ti kọ́kọ́ rí i, mo sì sáré yà fún un, mo ṣebí kọmíṣọ́nà ni. Ìgbà tó kọjá tán ni mo wo ìdí ẹ̀. Iwájú ti 2020, ẹ̀yìn ti 2010. Ọdún mẹ́wàá gbáko ló wà láàárín bọ́ńpà méjèèjì! Èéfín tó ń tú níbẹ̀ kò sì ní ọdún kankan: ó dúdú, ó ki, ó bo gbogbo èrò inú dáńfó tó tẹ̀ lé e. Kọ́ńdọ́kítọ̀ yọ orí síta láti ṣépè, èéfín ni ò jẹ́ kó parí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀yìn sílẹ̀ ná. Gírììlì, àwọ̀n ńlá iwájú ọkọ̀ yẹn, ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ mọ̀ ọ́n. Ó fẹ̀ lókè, ó fún ní ìbàdí, ó tún fẹ̀ nísàlẹ̀. Kí àwọn ará Japan máa pè é ní ohun tó bá wù wọ́n, ẹni tó bá ti dé òde ìnáwó rí nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé gángan ni wọ́n gbé kọ́ ọkọ̀ lọ́rùn yẹn. Láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti ń rò ó. Kòngọ́ ẹ̀ dà? Ṣé abẹ́ síìtì ni ẹ tọ́jú ẹ̀ sí? Ta tilẹ̀ ni àyàn nínú ọ̀rọ̀ yìí: ṣé panẹ́bítà tó gbé e kọ́ ọ ni, àbí ẹ̀yin tí ẹ sanwó ẹ̀? Gángan gidi, bí wọ́n bá fún awọ ẹ̀, ohùn á ròkè. Bí wọ́n bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Tiyín ò mọ wíwálẹ̀. Òkè ló wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń wí: ẹ wò mí, ẹ wò mí, ẹ wò mí. Sálénsà á wá máa gbè é lẹ́yìn: òfo, òfo, òfo.

Mo tún gbọ́ pé ó ní ìwọ̀n. Wọ́n ní ẹlòmíì á dé Ládípò, á ní èyí tí wọ́n mú wá kéré, pé gángan àbúrò òun tó wà ní Lẹ́kkí jù ú lọ, kí wọ́n wá èyí tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ iṣẹ́ á lọ, á bọ̀. Wọn á dá bọ́nẹ́ẹ̀tì gé, wọn á rẹ́ igun kan dànù, wọn á lẹ ike mọ́ ibi tí irin wà tẹ́lẹ̀. Ìbàdí ẹ̀ á wọ́ díẹ̀ sí òsì. Ta ló ń wo ìbàdí?

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe gírììlì fún ni kó gba atẹ́gùn wọlé kí omi rédíétọ̀ má baà hó. Ẹ wá ṣí ẹnu ọkọ̀ sílẹ̀ gbayawu tó báyìí, ó ṣì ń hó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ! Ẹni tó ni ín á sọ̀ kalẹ̀ tòun ti agbádá, á ká apá rẹ̀ sí èjìká, á fi eyín ya píọ̀wọ́tà lẹ́nu, á máa fún un sínú rédíétọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Rédíétọ̀ ọjọ́sí ló wà lẹ́yìn ìlù tuntun. Wọn ò pààrọ̀ ìyẹn, nítorí kì í hàn sóde.

Ohun tó wá ń dùn mí níbẹ̀ ni pé àwọn Toyota tó ń ṣe Lexus kò fìgbà kan bẹ̀rẹ̀ látojú. Òfì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Sakichi Toyoda, ọmọ káfíńtà tí wọ́n bí lọ́dún 1867, ìyà tó rí i pé ó ń jẹ ìyá ẹ̀ nídìí aṣọ híhun ló mú un máa tún òfì rò. Ẹni tó bá ti jókòó ti ahunṣọ rí ní Ìṣẹ́yìn mọ ìyà tí mò ń wí. Ọdún 1891 ló gba ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ lórí òfì onígi tó ṣe. Nígbà tó fi máa di 1924, ó ti gbé òfì kan jáde tó ń dá ṣiṣẹ́: bí fọ́nrán òwú kan ṣoṣo bá já, òfì náà á dá ara ẹ̀ dúró kó má baà hun aṣọ tó lábùkù. Fọ́nrán kan o! Ẹ̀yin, iná ẹ́ńjìnnì ti ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù yín láti ọdún tó kọjá, ẹ sì ti fi téèpù dúdú lẹ̀ ẹ́ pa.

Ọmọ ẹ̀, Kiichiro, ló yà sídìí mọ́tò. Ọdún 1937 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ Toyota sílẹ̀. Ní bíi ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n kó ọkọ̀ wọn tó ń jẹ́ Crown lọ sí Amẹ́ríkà, ojú sì tì wọ́n. Lórí títì márosẹ̀ California, bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ báyìí, ẹ́ńjìnnì á máa hó, ara ọkọ̀ á máa gbọ̀n. Ẹ gbọ́ ohun tí wọn ò ṣe: wọn ò lọ ra ojú Cadillac lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n dáwọ́ títà ẹ̀ dúró níbẹ̀, wọ́n padà sílé lọ kọ́ṣẹ́ sí i. Ìgbà tí wọ́n tún yọjú pẹ̀lú Corona ní 1965, ta ló rẹ́rìn-ín?

Ó wá di ọdún 1983. Eiji Toyoda, alága Toyota nígbà náà, bi àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ẹ̀ léèrè bóyá wọ́n lè ṣe ọkọ̀ tó máa ju gbogbo ọkọ̀ olówó ayé lọ. Nǹkan bí 450 ọkọ̀ àdánwò ni wọ́n ṣe, tí wọ́n bà jẹ́, tí wọ́n tún ṣe, kí LS 400 tó jáde lọ́dún 1989. Ìyẹn ni Lexus àkọ́kọ́. Ẹ lọ wo ojú ẹ̀ nínú fọ́tò: ojú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ polówó ẹ̀, wọ́n to ife ọtí ṣàǹpéènì léra wọn lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n wá tẹ ẹ́ńjìnnì títí táyà fi ń yí bìrìbìrì lójú kan. Ife kan ò mì. Ẹ lọ gbé ife omi kan péré lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì tiyín, kí ẹ wá tan ẹ́ńjìnnì. Mo ń dúró.

Oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, oníbàárà méjì péré ló mú ẹ̀sùn wá. Toyota ní kí gbogbo nǹkan bí 8,000 ọkọ̀ tí wọ́n ti tà padà wá fún àtúnṣe. Wọ́n ń lọ bá oníbàárà nílé, wọ́n ń gbé ọkọ̀ lọ, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n sì ń rọ epo kún un kí wọ́n tó dá a padà. Kò tó ogúnjọ́ tí gbogbo ẹ̀ fi parí. Níbẹ̀ ni iyì orúkọ Lexus ti wá. Gángan tí ẹ ń pa ara yín lé lórí yìí, ọdún 2012 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lójú ọkọ̀ tí wọ́n ń tà. Ó lé lógún ọdún tí orúkọ ti rìn kí ìlù tó dé! Nílé wọn ní Japan gan-an, títí di 2005, wọn ò ta ohun kankan tó ń jẹ́ Lexus. Toyota Celsior ni LS, Toyota Harrier ni RX. Alákọrí kan ò sì kú níbẹ̀ nítorí pé àmì Toyota ló wà lórí ọkọ̀ ẹ̀.

Ẹni tó bá ní Lexus ò dára, irọ́ ló ń pa. Mo mọ ìdí tí ènìyàn wa fi fẹ́ràn ẹ̀. RX ti Lexus àti Highlander ti Toyota, ìyá kan náà ló bí wọn. ES àti Camry náà bẹ́ẹ̀. GX ni Prado, LX ni Land Cruiser. Ẹ̀yà ara wọn kún ìsọ̀, mẹkáníìkì abẹ́ igi mọ inú wọn dunjú, bí ènìyàn bá sì fẹ́ tà á lọ́la, oníbàárà á dé kí ó tó fọ̀ ọ́ tán. Ọgbọ́n ni. Ohun tí mò ń bá jà ni kí ènìyàn ra ọgbọ́n tán kó wá fi ìwà òmùgọ̀ bò ó lójú.

Bàbá mi ṣe tíṣà. Owó ìyáwó ọkọ̀ tí ìjọba ń fún òṣìṣẹ́ nígbà yẹn ló fi ra Datsun 120Y. Àgbò Iléyá aládùúgbò kan ya okùn, ó kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó tẹ̀ wọnú. Títí bàbá mi fi tà á, ibẹ̀ ò kúrò. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń wo ọ́ìlì, ó ń wo omi, ó ń wo bíréèkì, a sì ń fi ọkọ̀ náà lọ Iléṣà, a ń bọ̀. Bí ènìyàn bá rí ọkọ̀ yẹn lọ́ọ̀ọ́kán, wọn á ní tíṣà ń bọ̀, wọn á dìde. Kò sí ẹni tó béèrè ojú ọdún wo ló gbé wọ̀.

Lóde òní ńkọ́? Mo gbé Corolla mi lọ síbi ìgbéyàwó kan n'Íkẹjà láìpẹ́ yìí. Ọmọ tó ń ṣọ́ géètì wo ọkọ̀, ó wo èmi, ó ní, "Bàbá, ẹ bá wa gbé e lọ síta, àwọn ẹni ńlá la fi ibí sílẹ̀ fún." Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni olójú tuntun kan gbé gángan ẹ̀ dé. Ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. "Alága! Alága mi! Ẹ máa wọlé, sà!" Alága wọlé, ó jókòó sí tábìlì tó kọjú sí tèmi, ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé e, ó yí i kí àmì L kọjú sí èrò. Ìgbàkígbà tí agbáwo bá fi àwo sún un, ó tún un yí. Nígbà tí òde tú, ọkọ̀ Alága ò jí. Ọmọ géètì yẹn kan náà ló sáré tọ̀ mí wá níta, ó ń béèrè wáyà tí wọ́n fi ń jí bátìrì. Ó wà ní búùtù mi. Mi ò fún un.

Ẹ jẹ́ ká kúkú la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Kí ló ń ṣe yín? Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti ní owó ìrànwọ́ epo ti lọ, ta ni ò mọ ohun tí jálá epo kan dà? Sílíńdà mẹ́fà ló wà nínú ẹ́ńjìnnì yẹn, ìwọ̀n ẹ̀ jẹ́ lítà mẹ́ta àbọ̀, ẹ dé ilé epo ẹ ní kí wọ́n rọ ti ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà! Táyà yín ti dán borokoto, ó wà láyé nígbà tí Jónátánì wà nípò. Sọ́ọ̀kù ti kú, gbogbo kòtò Lagos ló mọ ohùn yín. Lándílọ́ọ̀dù ti lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ wá kó owó ràgàjì lọ ra ojú! A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, ẹ̀yin tilẹ̀ ti kọjá ibẹ̀: ẹ̀ ń kun làpálàpá náà ní àtíkè. Ìran ṣekárími! Àwọn míì nínú yín ò tilẹ̀ ní Lexus rárá, Prado ni wọ́n já àmì ẹ̀ tí wọ́n lẹ L mọ́ ọn níwájú, wọ́n wá gbàgbé orúkọ Toyota sí àárín ìdarí ọkọ̀, ibi tí wọ́n ti ń rí i ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn.

Ìròyìn kan wà tí ó ṣeé ṣe kó má tíì dé ọ̀dọ̀ yín. RX tuntun ti jáde láti ọdún 2022. Àwọn ará Japan ti ń tú gángan náà palẹ̀: férémù tó ń dán yí i ká ti lọ, òkè ẹ̀ ti wọ inú ara ọkọ̀, ọ̀dà ara ọkọ̀ ni wọ́n sì kùn ún. Ojú tí ẹ rà ti di ojú àná. Panẹ́bítà yín ti gbọ́ ní tiẹ̀, kò ní pẹ́ pè yín. Ẹ máa kó owó ilé-ìwé táámù tó ń bọ̀ dání.