Ejò Ìgbẹ́ Lẹ Tà fún Mi, Ẹ Yé Pè É ní Ẹran Ọ̀sìn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde, torí ọ̀rọ̀ yìí ti ká mi lára. Mọ̀nàmọ́ná ni mo rà, ejò tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bíi bọ́ọ̀lù bí ẹ̀rù bá bà á. Ó ti tó ọdún méjì tí ọmọ mi ọkùnrin ti ń bẹ̀ mí fún un. Nínú ṣọ́ọ̀bù kan níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi ẹni tó ń tajà pé, ṣé wọ́n sìn ín ni àbí inú igbó ni wọ́n ti mú un? Ó nawọ́ sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àpótí: oko ejò ni wọ́n ti bí i. Mo gbà á gbọ́. Owó ẹran ọ̀sìn ni mo san.

Ọjọ́ kẹta, ọmọ mi ké sí mi: "Mọ́mì, ẹ wá wo nǹkan." Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ọrùn ejò náà. Eégbọn ni! Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó kó sábẹ́ ìpẹ́, ó di ara mú gbọingbọin. Méje la kà lára ejò tí kò gùn tó apá mi. Dókítà ẹranko ló fi ẹ̀mú kékeré fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, owó tó sì gbà ju owó ejò lọ. Láti ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ méje rèé, kò fẹnu kan eku. A mú eku gbóná, a fi ẹ̀mú mì í níwájú rẹ̀ bíi pé ó wà láàyè. Á kàn fi orí pamọ́ sáàárín ara rẹ̀ ni.

Mo padà lọ, mo ní kí wọ́n fi ìwé tó gbé e wọ̀lú hàn mí. Tógò ló ti wá. Lẹ́tà R ló wà níwájú rẹ̀. Nínú ìwé CITES, ìyẹn àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí títa ẹranko àti ewéko igbó, C ni wọ́n ń kọ fún èyí tí wọ́n sìn láti ọ̀dọ̀ ìyá àti bàbá tó wà ní àhámọ́. W ni ti ìgbẹ́. R wá ni èyí tí wọ́n mú ẹyin rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ láti inú ìgbẹ́, tí wọ́n wá tọ́ ọ dàgbà díẹ̀ kí wọ́n tó tà á. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé: nígbà ẹ̀rùn, wọ́n á gbẹ́ ihò eku àti ọ̀gán, wọ́n á fa abo tó lóyún jáde, wọ́n á kó o sápò. Inú àhámọ́ ni yóò yé sí. Ìyá tí ì bá ká mọ́ ẹyin rẹ̀ fún bí oṣù méjì, wọ́n á gba ẹyin lábẹ́ rẹ̀.

Ṣé ìyẹn ni ọ̀sìn? Bí mo bá gbẹ́ òkété tó lóyún nínú ihò, tó wá bímọ sínú garawa mi, ṣé mo ti di olùsìn òkété nìyẹn? Ọdẹ ni bàbá mi ní Ìmẹ̀kọ. Kò sígbà kan tó gbé ẹran wálé tó pè é ní ẹran ọ̀sìn. Ẹran ìgbẹ́ ló ń pè é lójú gbogbo ayé, ẹni tó rà á sì mọ ohun tó rà.

Lórí ìwé, wọ́n ní wọ́n gbọ́dọ̀ dá ìyá padà sígbó pẹ̀lú díẹ̀ lára ọmọ rẹ̀. Ihò wo ni wọ́n fẹ́ dá a padà sí, nígbà tó jẹ́ pé ọkọ́ ti tú u ká? Láti 1975, mọ̀nàmọ́ná tó ti kúrò ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà láàyè lé ní mílíọ̀nù 3. Ejò yìí kan náà ni wọ́n ń bọ ní ìlú Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin. Bó bá wọ ilé èèyàn níbẹ̀, jẹ́jẹ́ ni wọ́n á gbé e padà sí tẹ́ńpìlì rẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ejò ọ̀sìn gidi wà! Àwọn olùsìn ń sin mọ̀nàmọ́ná nílé wọn níbí láti ìran dé ìran, wọ́n mọ ọjọ́ tó jáde nínú ẹyin, wọ́n mọ ìyá àti bàbá rẹ̀, ó sì ti ń jẹun kó tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Òun ni mo béèrè. Òun ni wọ́n ní àwọn tà fún mi.

Ẹni tó tajà fún mi ní gbogbo rẹ̀ bófin mu. Ta ló bi í léèrè òfin? Irọ́ tó pa fún mi ni mò ń sọ.

Mi ò ní dá ejò náà padà. Ó lè gbé láyé ju 30 ọdún lọ, ọ̀dọ̀ wa ni yóò sì wà bó bá jẹun. Ṣùgbọ́n eégbọn méje yẹn ṣì wà nínú ìgò lórí fíríìjì mi, màá sì gbé e ka orí káńtà wọn ní Sátidé. N ò ní kúrò níbẹ̀ títí wọn ó fi ya ìwé yẹn kúrò lára àwọn àpótí tó kù.